Mọ́tò Olówó Pọ́ọ́kú àti Ẹ̀mí Ènìyàn: Ìbéèrè tí Ó Yẹ kí Olùrà Béèrè

Nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni iye owó rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò béèrè bí ó ti ń mu epo sí, bóyá ẹ̀yà ara rẹ̀ wà lọ́jà, àti bóyá a ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rí. Yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, yóò fi ẹsẹ̀ ta táyà, yóò fi ọwọ́ pa ọ̀dà ara rẹ̀, yóò sì fun fèrè rẹ̀ gbọ́. Ìbéèrè kan wà tí kì í sábà jáde lẹ́nu olùrà, bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ni ó yẹ kí ó ṣáájú gbogbo ìyókù: Bí ọkọ̀ yìí bá forí sọ nǹkan, ǹjẹ́ ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ yóò yè?

Ìbéèrè náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2021, ènìyàn 1,190,000 ni ó kú sínú ìjàm̀bá ojú ọ̀nà ní gbogbo ayé. Nínú 100 mọ́tò tí ó wà láyé, nǹkan bí 3 péré ni ó wà ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n nínú 100 ènìyàn tí ó kú lójú ọ̀nà, nǹkan bí 19 ni ó jẹ́ ará Áfíríkà. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ díẹ̀ nínú ohun tí ó fa èyí: ọ̀nà tí kò dára, eré àsápajúdé, ọtí mímu, àti àìsinmi awakọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ní ìpín tirẹ̀. Ìjàm̀bá kan náà lè ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ méjì, kí ẹni tí ó wà nínú ọ̀kan jáde pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kí a sì gbé òkú ẹni tí ó wà nínú èkejì.

BÍ ÌJÀM̀BÁ TI Ń PA ÈNÌYÀN

Bí ọkọ̀ bá forí sọ igi, ìkọlù mẹ́ta ni ó ń ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan. Èkíní ni ti ọkọ̀ àti igi. Èkejì ni ti ènìyàn àti ọkọ̀. Ọkọ̀ ni igi dá dúró, kò tíì dá ènìyàn dúró. Ẹni tí ó jókòó sínú rẹ̀ ṣì ń bá eré lọ síwájú, títí àyà rẹ̀ yóò fi lu sítíárìn tàbí tí orí rẹ̀ yóò fi lu gíláàsì iwájú. Ẹ̀kẹta ni ti inú ara: ọpọlọ yóò lu egungun orí, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró yóò lu egungun ìhà. Èyí ni ó fà á tí ẹlòmíràn fi ń kú láìsí ọgbẹ́ kan tí ojú lè rí lára rẹ̀.

Kìlómítà 64 ní wákàtí kan, èyí tí í ṣe máìlì 40, jẹ́ eré tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò kà sí eré rárá. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ tí ń sá bẹ́ẹ̀ bá forí sọ ògiri, bákan náà ni ó rí pẹ̀lú kí ènìyàn já bọ́ láti orí ọ̀pẹ tí gíga rẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 50 lọ. Abúlé tí adẹ́mu ti já lórí ọ̀pẹ rí mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Kí ni ó lè gba ẹni tí ó já bọ́ bẹ́ẹ̀ là? Bí ó bá bọ́ sórí àpáta, ìrètí kò pọ̀. Bí ó bá bọ́ sórí òkìtì koríko gbígbẹ tí ó nípọn, ó lè yè. Eré kan náà ni ó bá dé ilẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àpáta dá a dúró lójijì, koríko sì dá a dúró díẹ̀díẹ̀. Àwọn tí ń já iṣu láti orí lọ́rì mọ ọgbọ́n yìí dáadáa. Ẹni tí a ju iṣu sí kì í na ọwọ́ gan-an-ran dè é. Bí iṣu bá ti bà á lọ́wọ́ ni yóò máa fa ọwọ́ sẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀ títí eré iṣu náà yóò fi tán. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣu a kán, tàbí kí ọrùn ọwọ́ yẹ̀. Àwọn àgbà ti wí i pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èyí tí a bá fagbára mú ní ń le koko.

Ọgbọ́n yìí náà ni àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ rere ń lò, nǹkan mẹ́ta ni wọ́n sì fi ń ṣe é.

Èkíní ni imú ọkọ̀. A mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí ó lè wó jọ nígbà ìkọlù, kí wíwó rẹ̀ lè gba agbára ìkọlù náà sára, bí ọwọ́ ẹni tí ń já iṣu ti ń fà sẹ́yìn. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan tí ń jẹ́ Béla Barényi, ní ilé-iṣẹ́ Mercedes-Benz ní Jámánì, ni ó gbé ìmọ̀ yìí kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1951. Ní ọdún 1959 ni ilé-iṣẹ́ náà gbé ọkọ̀ tí a ṣe bẹ́ẹ̀ jáde sọ́jà.

Èkejì ni yàrá èrò, èyíinì ni ibi tí ènìyàn ń jókòó sí. Òun ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ wó rárá. Òpó rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ àti òrùlé rẹ̀ gbọdọ̀ dúró gbọn-in, kí ẹ́ńjìnnì àti sítíárìn má baà wọlé bá èrò lórí ìjókòó.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí ń di ènìyàn mú: bẹ́líìtì ìjókòó àti àpò afẹ́fẹ́. Nils Bohlin ti ilé-iṣẹ́ Volvo ní Sweden ni ó ṣe bẹ́líìtì tí ó gba èjìká àti ìbàdí kọjá, ní ọdún 1959. Ilé-iṣẹ́ náà sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ yòókù láìgba kọ́bọ̀. Bẹ́líìtì yìí lè dín ewu ikú ẹni tí ó jókòó níwájú kù tó ìdajì. Àpò afẹ́fẹ́ ní tirẹ̀ wà ní kíká sínú sítíárìn àti sínú pákó iwájú èrò. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, yóò ti fẹ̀, yóò sì di ìrọ̀rí láàárín ènìyàn àti irin. Ẹni tí ó bá so bẹ́líìtì ni a ṣe é fún. Ẹni tí kò bá so ó, àpò náà lè ṣe é léṣe dípò kí ó gbà á.

Mẹ́ta yìí dà bí ààrò mẹ́ta. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ níbẹ̀, méjì tí ó kù kò lè gbé ìkòkò dúró.

IRIN NÍNIPỌN KỌ́ NI ÀÀBÒ

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó gbàgbọ́ pé ọkọ̀ àtijọ́ tí irin rẹ̀ nípọn ni ó ń gba ènìyàn là, àti pé ọkọ̀ òde òní kò ju ike àti agolo lọ. Bí ọkọ̀ tuntun bá forí sọ nǹkan, tí imú rẹ̀ rún wómúwómú, wọn a ní, “Ẹ ò rí i pé kò lágbára?” Wọn kò mọ̀ pé nítorí kí ènìyàn inú rẹ̀ má baà rún ni imú ọkọ̀ náà fi rún.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, àjọ kan ní Amẹ́ríkà tí àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò dá sílẹ̀ fún ààbò ojú ọ̀nà dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Wọ́n mú Chevrolet Bel Air ti ọdún 1959, ọkọ̀ gbọ̀ngbọ̀n onírin nínípọn, wọ́n sì jẹ́ kí ó forí kọ Chevrolet Malibu ti ọdún 2009, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń sá eré máìlì 40 ní wákàtí kan. Ọmọláńgidi tí ó tóbi tó ènìyàn ni wọ́n gbé sí ipò awakọ̀, tí ẹ̀rọ tí ń wọn ìfarapa sì wà lára rẹ̀. Yàrá èrò Bel Air wó lu awakọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ṣe ènìyàn ni, ikú ni. Yàrá èrò Malibu dúró. Awakọ̀ rẹ̀ ìbá kàn fi ẹsẹ̀ ṣèṣe díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni ó ṣe méjèèjì. Ìmọ̀ ni ó wà láàárín wọn, kì í ṣe ìwọ̀n irin.

BÍ A TI Ń DÁN ỌKỌ̀ WÒ

Ojú lásán kò lè mọ ọkọ̀ tí yóò dúró nígbà ìkọlù yàtọ̀ sí èyí tí yóò wó. Ìdí nìyí tí a fi dá àwọn àjọ kan sílẹ̀ tí ń ra ọkọ̀ lọ́jà gẹ́gẹ́ bí oníbàárà gbogbo ti ń rà á, tí wọ́n sì ń mọ̀ọ́mọ̀ fọ́ ọ. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, Euro NCAP bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èsì àyẹ̀wò rẹ̀ jáde ní ọdún 1997. Ní irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ yóò sá eré kìlómítà 64 ní wákàtí kan, apá kan imú rẹ̀ yóò kọlu ìdènà kan tí ó dúró gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ mìíràn tí ń bọ̀ lọ́kánkán. Lẹ́yìn èyí, a ó ka ohun tí ẹ̀rọ inú ọmọláńgidi sọ, a ó wo bí yàrá èrò ti dúró sí, a ó sì fún ọkọ̀ náà ní ìràwọ̀. Ìràwọ̀ 5 ni ó ga jù lọ. Ọkọ̀ tí kò bá yege rárá kò ní gba ìràwọ̀ kankan.

Ìràwọ̀ wọ̀nyí ní agbára. Nínú àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ti ọdún 1997 yẹn, ọkọ̀ kékeré kan tí a ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Rover 100, gba ìràwọ̀ kan péré. Àwọn ènìyàn rí àwòrán bí ó ti rún, wọ́n sì fà sẹ́yìn lọ́dọ̀ rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ilé-iṣẹ́ náà ti pinnu láti má ṣe é mọ́.

ỌKỌ̀ TUNTUN TÍ KÒ RÍ ÌRÀWỌ̀ GBÀ

Ohun tí ó ṣòro láti gbọ́ nìyí: bí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ti ń fi ààbò kún ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní ilẹ̀ àwọn ọlọ́rọ̀, níbi tí òfin le, tí ojú àwọn olùrà sì là, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń yọ ààbò náà kúrò lára ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní ilẹ̀ àwọn tálákà, kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, àjọ Global NCAP àti Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ́tò ti Gúúsù Áfíríkà gbé èsì àyẹ̀wò àkọ́kọ́ wọn lórí ọkọ̀ tí a ń tà ní Áfíríkà jáde. Ọkọ̀ tuntun olówó pọ́ọ́kú márùn-ún ni wọ́n dán wò. Fún ààbò àgbàlagbà, Toyota Etios gba ìràwọ̀ 4; Volkswagen Polo Vivo àti Renault Sandero gba 3, 3; Datsun Go+ gba 1; Chery QQ3 kò sì gba ìkankan. Ẹ̀kọ́ pàtàkì wà nínú èyí. Ọkọ̀ kékeré ni gbogbo wọn, ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n ni a ṣe wọ́n fún. Síbẹ̀ ọ̀kan gba 4, òmíràn gba òfo. Nítorí náà, kì í ṣe kíkéré owó ni ó ń pa ènìyàn. Ohun tí ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ fi sínú rẹ̀, tàbí tí ó yọ kúrò nínú rẹ̀, ni ó ń pa á tàbí tí ó ń gbà á.

Ní ọdún 2018, wọ́n dán ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan wò, Nissan NP300 Hardbody, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò fẹ́ràn nítorí ẹrù àti ọ̀nà oko. Àpò afẹ́fẹ́ méjì wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ kò gba ìràwọ̀ kankan, nítorí pé yàrá èrò rẹ̀ kò lè dúró. Kí olùrà má ṣe gbàgbé èyí: àpò afẹ́fẹ́ nínú yàrá tí ń wó kò yàtọ̀ sí ìrọ̀rí nínú ilé tí ń wó.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, 2019, àjọ náà ṣe ohun tí ó tún ya ènìyàn lẹ́nu ju èyí lọ. Wọ́n mú Hardbody tuntun tí a rà ní Áfíríkà, wọ́n sì jẹ́ kí ó forí kọ Nissan Navara ti ọdún 2015 tí a ti lò rí ní Yúróòpù. Àbájáde rẹ̀ ni pé awakọ̀ ọkọ̀ tuntun ti Áfíríkà ìbá ti kú, awakọ̀ àlòkù ti Yúróòpù ìbá sì ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni ó ṣe méjèèjì. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé wọn kò mọ bí a ti ń ṣe ọkọ̀ tí ń gba ènìyàn là.

ṢÉ TÒKUNBỌ̀ WÁ SÀN JÙ BÍ?

Ẹni tí ó bá ka ìpínrọ̀ tí ó kọjá lè sọ pé tòkunbọ̀ ni kí gbogbo ènìyàn máa rà. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ tí a ṣe fún Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà sábà máa ń ní ààbò tí òfin ibẹ̀ béèrè nígbà tí a ṣe é. Ṣùgbọ́n kí ó tó gba etíkun Èkó tàbí Kùtọ́nù wọlé, ọdún ti gorí ọdún lé e, ohun púpọ̀ sì lè ti ṣẹlẹ̀ sí i.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde ní ọdún 2020 pé láti ọdún 2015 dé 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ni Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Jàpáàn tà sí ilẹ̀ òkèèrè, Áfíríkà ni ó sì gba èyí tí ó pọ̀ jù. Ní ọdún kan náà, ìjọba Netherlands yẹ àwọn ọkọ̀ tí ń gba èbúté wọn lọ sí Áfíríkà wò. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni ìwé ẹ̀rí pé ó yẹ lójú ọ̀nà ti kú mọ́ lọ́wọ́ kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Nínú àwọn tòkunbọ̀ wọ̀nyí, àwọn kan wà tí ó ti ní ìjàm̀bá lọ́hùn-ún, tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò sì ti pa rẹ́ pé kò yẹ fún àtúnṣe. Oníṣòwò yóò rà á ní ẹdinwó, yóò gbé e wá sílé, pánẹ́bítà yóò nà án, yóò jó o, yóò kùn ún, yóò sì máa dán gbinrin. Ṣùgbọ́n òpó tí ó ti ká lẹ́ẹ̀kan, tí a fi òòlù nà, kò tún ní agbára tí ó ní tẹ́lẹ̀. Àpò afẹ́fẹ́ tí ó ti fẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ àfi bí a bá fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Owó tuntun rẹ̀ sì wọ́n. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń rán ìdérí rẹ̀ padà lórí òfo.

Ewu mìíràn tún wà nínú àpò afẹ́fẹ́ tí ilé-iṣẹ́ Takata ti Jàpáàn ṣe fún oríṣiríṣi ọkọ̀. Ooru àti ọ̀rinrin a máa ba ẹ̀tù tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ bí ọdún ti ń lọ. Nígbà tí àpò bá fẹ́ fẹ̀, ìkòkò irin tí ẹ̀tù wà nínú rẹ̀ lè fọ́, kí èéfọ́ rẹ̀ sì fò lu awakọ̀ bí ọta ìbọn. Ní Amẹ́ríkà nìkan, nǹkan bí mílíọ̀nù 67 irú rẹ̀ ni a pàṣẹ pé kí a pààrọ̀, ó sì ti pa ju ènìyàn 20 lọ níbẹ̀. Ilẹ̀ tí ooru àti ọ̀rinrin pọ̀ sí bí ìhà gúúsù Nàìjíríà ni irú ẹ̀tù yìí ti ń yára bàjẹ́.

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé àwọn tí kò ra ọkọ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ sí ọjà. Púpọ̀ nínú àwọn bọ́ọ̀sì tí ń ná àwọn ìlú kéékèèké ni a ṣe fún ẹrù, kì í ṣe fún ènìyàn. Nígbà tí wọ́n dé ni a jó ìjókòó onírin mọ́ ilẹ̀ wọn. Kò sí bẹ́líìtì lára ìjókòó bẹ́ẹ̀; bí ọkọ̀ bá sì forí sọ nǹkan, ìjókòó náà lè tú kúrò nílẹ̀ kí ó gbé èrò dà sí iwájú.

OHUN TÍ OLÙRÀ LÈ YẸ̀ WÒ

Kò sí ohun tí a kọ sí ìsàlẹ̀ yìí tí ó gba owó rẹpẹtẹ. Ojú, ọwọ́ àti sùúrù ni wọ́n ń fẹ́.

1. Kí olùrà béèrè ìràwọ̀ tí irú ọkọ̀ náà gbà, ọdún tí a dán an wò, àti ilẹ̀ tí a ṣe é fún. Orúkọ kan náà lè wà lára ọkọ̀ méjì tí ààbò wọn kò dọ́gba. Àwọn àjọ tí ń ṣe àyẹ̀wò ń fi èsì wọn hàn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ ilé ìwé lè bá òbí rẹ̀ wò ó.

2. Kí ó fa bẹ́líìtì kọ̀ọ̀kan jáde tán, kí ó wò ó bóyá ó ti ya tàbí bóyá a ti rán an. Lẹ́yìn náà kí ó já a gbà lójijì: bẹ́líìtì tí ó dára yóò há mọ́ ọn lọ́wọ́. Bẹ́líìtì tí kò há, tàbí tí kò padà sílé rẹ̀, kò wúlò.

3. Kí ó yí kọ́kọ́rọ́, kí ó sì wo iná àpò afẹ́fẹ́ níwájú awakọ̀. Ó yẹ kí ó tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ó sì kú. Bí kò bá kú, àbùkù wà níbẹ̀. Bí kò bá tàn rárá, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti yọ ọ́ láti fi àbùkù pamọ́. Èyí ni ó léwu jù.

4. Kí ó wo ìdérí àárín sítíárìn àti pákó iwájú èrò, bóyá a ti rán an, lẹ̀ ẹ́, tàbí kùn ún.

5. Kí ó ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè, kí ó wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ẹsẹ̀ àwọn òpó ilẹ̀kùn. Ojú jíjó tí kò gún, ọ̀dà tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, àti àlàfo ilẹ̀kùn tí kò dọ́gba, gbogbo wọn ni ó ń sọ̀rọ̀. Àwọn ọkọ̀ kan tilẹ̀ wà tí ó jẹ́ ìdajì méjì tí a jó pọ̀.

6. Kí ó kọ nọ́ḿbà ṣáṣí sílẹ̀. Lẹ́tà àti nọ́ḿbà 17 ni gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ lára ọkọ̀ òde òní. Pẹ̀lú rẹ̀ ni a fi lè mọ̀ bóyá ọkọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá ti ní ìjàm̀bá ńlá rí, àti bóyá àpò afẹ́fẹ́ Takata rẹ̀ wà lára àwọn tí a ní kí a pààrọ̀.

7. Bí owó kò bá tó ohun gbogbo, kí ó fi rédíò àti ẹ̀ṣọ́ ara ọkọ̀ sílẹ̀, kí ó sì ra èyí tí ó ní àpò afẹ́fẹ́. Ọkọ̀ tí ó ti pẹ́ díẹ̀ ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ pé, tí kò sì ní ìjàm̀bá rí, lè sàn ju tuntun tí kò gba ìràwọ̀ kankan lọ.

Lẹ́yìn ríra, lílò ni ó kù. Láti ọdún 1988 tí a ti dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága àkọ́kọ́ fún ìgbìmọ̀ rẹ̀, ni wọ́n ti ń kọ́ awakọ̀ nípa ìlò ọ̀nà. Síbẹ̀ àwọn awakọ̀ kan wà tí ó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá rí ẹ̀ṣọ́ lókèèrè ni wọ́n ń fa bẹ́líìtì sára, tí wọ́n sì ń tú u bí wọ́n bá ti kọjá. Igi àti kòtò kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Wọn kì í fúnni láyè láti so bẹ́líìtì. Èrò ẹ̀yìn náà gbọdọ̀ so tirẹ̀. Ọmọdé kò sì gbọdọ̀ jókòó lórí itan níwájú: apá ìyá kò lè di ọmọ mú nígbà ìkọlù bí ó ti wù kí ìfẹ́ rẹ̀ pọ̀ tó. Ìjókòó ẹ̀yìn ni ipò ọmọ, nínú ìjókòó ọmọdé tí a fi bẹ́líìtì dè.

ẸNU OLÙRÀ LÁGBÁRA

Ẹnì kan lè wí pé ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá òkèèrè ń ṣe kọjá agbára ará abúlé. Ìtàn ilẹ̀ Íńdíà dá a lóhùn. Ní ọdún 2009, ilé-iṣẹ́ Tata gbé ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Nano jáde níbẹ̀, tí a kéde pé òun ni owó rẹ̀ kéré jù lọ láyé. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2014, Global NCAP dán Nano àti ọkọ̀ kékeré mẹ́rin mìíràn wò: Suzuki-Maruti Alto 800, Ford Figo, Hyundai i10 àti Volkswagen Polo. Nínú irú wọn tí owó rẹ̀ kéré jù, tí kò ní àpò afẹ́fẹ́, kò sí ọ̀kan tí ó gba ìràwọ̀. Ariwo sọ. Ilé-iṣẹ́ Volkswagen dá títa Polo tí kò ní àpò afẹ́fẹ́ dúró ní Íńdíà. Nígbà tí a sì dán Polo tí ó ní àpò méjì wò, ó gba ìràwọ̀ 4.

Àwọn ará Íńdíà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìràwọ̀ kí wọ́n tó béèrè iye epo. Ìjọba wọn ṣe òfin pé kò sí ọkọ̀ tí yóò wọ ọjà láìyege àyẹ̀wò ìkọlù. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ lórí irú ọkọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ọdún 2017, nígbà tí ó sì fi di òpin ọdún 2019, ó ti kan gbogbo ọkọ̀ tuntun. Ní oṣù kejìlá ọdún 2018, Tata kan náà tí Nano rẹ̀ gba òfo ní ọdún 2014 gbé Nexon wá fún àyẹ̀wò, ó sì gba ìràwọ̀ 5. Òun ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí a ṣe ní Íńdíà, tí a sì ń tà níbẹ̀, tí ó gba irú ipò bẹ́ẹ̀. Àkókò tí ó wà láàárín òfo àti márùn-ún kò tó ọdún márùn-ún.

Ohun tí olùrà kò bá béèrè, oníṣòwò kì í gbé e wá. Bí àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀, ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù àti àwọn olóko bá fi ẹnu kò pé àwọn kò ní ra ọkọ̀ tí kò ní bẹ́líìtì tí ó pé, tí iná àpò afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tàn kí ó kú, tí a kò sì mọ ìràwọ̀ rẹ̀, kò ní pẹ́ tí ọjà yóò fi gbọ́. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Olùrà náà ní láti la ojú sílẹ̀ kí owó rẹ̀ tó kúrò lápò.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ILÉ ÌKÀWÉ

1. Ìkọlù mẹ́ta wo ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá forí sọ igi? Èwo ni bẹ́líìtì ń dènà?

2. Kí ni ìdí rẹ̀ tí ó fi dára kí imú ọkọ̀ wó, ṣùgbọ́n tí kò dára kí yàrá èrò wó?

3. Kí ni ìkọlù Hardbody àti Navara ti ọdún 2019 kọ́ ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ̀ tuntun? Kí ni ó kọ́ ẹni tí ó fẹ́ ra tòkunbọ̀?

4. Nínú àwọn bọ́ọ̀sì tí ń gbé ará abúlé lọ sí ọjà, mélòó ni ó ní bẹ́líìtì? Kí ni ẹgbẹ́ èrò àti ẹgbẹ́ awakọ̀ lè jùmọ̀ ṣe nípa rẹ̀?